FÍÌMÙ KÒRÍÀ: ẸNU Ọ̀NÀ WO NI ÀLEJÒ YÓÒ GBÀ WỌLÉ?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìgbélùú. Ọ̀rọ̀ fíìmù ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ọ̀rọ̀ eré lásán, nítorí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa.

Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó mọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a ń ṣe ìwé ìròyìn yìí ni a dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ máa wo fíìmù àwọn ará Kòríà ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù. Ẹgbẹ́ gbà. A gba yàrá, a yá ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sára ògiri, àwọn kan nínú wa sì din dòdò. Fíìmù tí a kọ́kọ́ fi hàn ni Oldboy, èyí tí Park Chan-wook ṣe ní 2003, tí ó sì gba ẹ̀bùn ńlá ní Cannes ní ilẹ̀ Faransé ní 2004. Gbogbo ayé ni ó ń yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin inú rẹ̀ ki ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ bọ ẹnu láàyè, tí ó ń jẹ ẹ́ bí ó ti ń jà, àwọn kan dìde. Nígbà tí ó fa òòlù yọ, àwọn mìíràn tún dìde. Kí àṣírí tí ó wà ní ìparí ìtàn náà tó tú, àwa tí ó kù nínú yàrá kò ju mẹ́sàn-án lọ, dòdò sì ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ.

Àbúrò wa obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé irú ènìyàn tí àwọn ará Kòríà jẹ́ nìyẹn?" A kò rí èsì gidi fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, ẹnìkan ní kí a dáwọ́ rẹ̀ dúró, kí a sì fi owó yàrá ṣe nǹkan mìíràn. A óò dìbò lé e lórí ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ òótọ́: àwa ni a jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá mú àlejò gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tí àlejò sì tẹ ìdọ̀tí, kò gbọdọ̀ ní àlejò ni kò mọ ilé. Oldboy kì í ṣe fíìmù burúkú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu ọ̀nà. Èrò wa ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ilé náà gbọdọ̀ mú nǹkan méjì dání: kí ó mọ ohun tí ojú àwọn ènìyàn náà ti rí, kí ó sì la etí sí bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí kò bá mú méjèèjì dání, ẹ̀jẹ̀ àti ariwo nìkan ni yóò rí.

OHUN TÍ OJÚ WỌN RÍ

Ní 1910 ni ìjọba Jàpáànù gba ilẹ̀ Kòríà, wọn kò sì fi í sílẹ̀ títí di 1945. Ní 1926, nígbà tí ẹsẹ̀ àjèjì ṣì wà lọ́rùn wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Na Woon-gyu ṣe fíìmù kan, ó pè é ní Arirang, orúkọ orin tí gbogbo ọmọ Kòríà mọ̀. Ó di ìlú mọ̀ọ́ká, nítorí àwọn ènìyàn rí ara wọn nínú rẹ̀. Fíìmù náà ti sọnù. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ kan tí a rí títí di òní. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Jàpáànù lọ, ilẹ̀ sì pín sí méjì. Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Àríwá àti Gúúsù ní 1950. Ó dáwọ́ dúró ní 1953, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà títí di òní. Kòríà ti Gúúsù ni ọ̀rọ̀ wa ń bá wí. Nínú ìyà ẹ̀yìn ogun náà ni obìnrin kan, Park Nam-ok, ti ṣe fíìmù The Widow ní 1955, ìtàn opó tí ogun gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó darí fíìmù ní Kòríà. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn bí ó ti ń darí iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin arábìnrin wa tí ẹ ń kàwé tí ẹ sì ń tọ́mọ, ó yé yín ju bí ó ti yé àwa lọ.

Ní 1960, Kim Ki-young ṣe The Housemaid, ìtàn ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó wọ ilé olùkọ́ orin kan tí ilé náà sì dàrú. Ẹ má gbàgbé ọmọ ọ̀dọ̀ yìí. Ní 1961, Yu Hyun-mok ṣe Obaltan, lórí akọ̀wé kan tí kò ní owó tí yóò fi tọ́jú eyín tí ń ro ó. Ọdún náà gan-an ni ọ̀gágun Park Chung-hee fi ipá gba ìjọba. Wọ́n fòfin de Obaltan. Ní 1962 ni òfin fíìmù tuntun jáde, láti ìgbà náà ni ìjọba sì ti di ọrùn àwọn olùdarí mú: wọn a yẹ ìwé eré wò kí a tó ṣe é, wọn a sì tún yẹ fíìmù wò kí ó tó jáde.

Wọ́n yìnbọn pa Park Chung-hee ní oṣù kẹwàá 1979. Kí oṣù kejìlá náà tó tán, ọ̀gágun mìíràn, Chun Doo-hwan, ti gba agbára lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1980, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ìlú Gwangju jáde, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ìjọba ológun. Àwọn ológun kọlù wọ́n, wọ́n sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Ó di oṣù kẹfà 1987, tí gbogbo ìlú tú sí ìgboro, kí àwọn ológun tó gbà pé kí àwọn ènìyàn máa dìbò yan ààrẹ wọn.

A kò nílò láti ṣàlàyé fún ọmọ Nàìjíríà ohun tí ìjọba ológun jẹ́. Àwọn òbí wa mọ̀ ọ́n, àwọn kan nínú wa sì bá a láyé. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí i nínú fíìmù Kòríà pé ọlọ́pàá ń na ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, kí ẹ má rò pé olùdarí ń fi ìwà ipá dá wa lára yá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé bàbá rẹ̀ ni ó ń sọ.

BÍ ILẸ̀KÙN ṢE ṢÍ

Ní 1988, ìjọba gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà máa pín fíìmù wọn fúnra wọn ní Kòríà. Inú bí àwọn oníṣẹ́ fíìmù ilé débi pé àwọn kan tú ejò sílẹ̀ nínú ilé sinimá tí ń fi fíìmù Amẹ́ríkà hàn. Ẹ̀rù wọn kò sì ṣe lásán. Ní 1993, nínú 100 ènìyàn tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì sinimá ní Kòríà, nǹkan bí 16 péré ni ó wo fíìmù Kòríà.

Ọdún tí ó burú náà ni bàbá wọn nídìí iṣẹ́ yìí, Im Kwon-taek, gbé Sopyonje jáde. Ìtàn olórin pansori ni. Nínú pansori, ẹnìkan a máa kọrin, ẹnìkan a máa lùlù fún un, wọ́n sì lè fi wákàtí púpọ̀ sọ ìtàn kan ṣoṣo. Bàbá kan mú ọmọ obìnrin àti ọmọ ọkùnrin tí ó gbà tọ́, wọ́n ń rìn láti ìletò dé ìletò. Ìran kan wà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bọ̀ láti òkèèrè lójú ọ̀nà oko, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń jó, tí ọmọkùnrin ń lùlù, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 láìgé àwòrán náà. Lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin sá lọ. Bàbá sì fọ́ ojú ọmọbìnrin, kí ìbànújẹ́ lè mú ohùn rẹ̀ jinlẹ̀. Ìbànújẹ́ tí ó ti pẹ́ nínú ènìyàn, tí kò rí ẹni sọ ọ́ fún, ni wọ́n ń pè ní han. Kò sí ẹni tí ó rò pé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ yóò pa owó. Ju 1,000,000 ènìyàn lọ ni ó wò ó ní Seoul nìkan, fíìmù Kòríà kan kò sì tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ìjọba náà la ojú. Ní 1994, wọ́n sọ fún ààrẹ wọn pé èrè tí Jurassic Park pa tó èrè tí a lè pa lórí ọkọ̀ Hyundai 1,500,000. Láti ìgbà náà ni àwọn olówó ti ń náwó sí fíìmù. Ní 1996, ilé ẹjọ́ tí ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè dá a lẹ́jọ́ pé kò bófin mu kí ìjọba máa gé fíìmù kí ó tó jáde. Ọdún yẹn kan náà ni àjọ̀dún fíìmù ti Busan bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin àti owó nìkan kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Seoul dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Ilẹ̀kùn Aláwọ̀ Ìyeyè. Wọ́n ń wá fíìmù ilẹ̀ òkèèrè kiri, wọ́n ń da á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń wò ó, wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí. Ọ̀kan nínú wọn, tí ń tọ́jú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà, ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ènìyàn ní Yunifásítì Yonsei. Bong Joon-ho ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó gba Oscar mẹ́rin lórí Parasite ní 2020. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń fi fíìmù wíwò ṣe, a fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí i.

Ohun kan tún wà. Láti 1966 ni òfin ti wà pé ilé sinimá kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ fi fíìmù Kòríà hàn fún iye ọjọ́ kan lọ́dún. Ó tó ọjọ́ 146 nígbà kan. Nígbà tí Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dín in kù, àwọn olùdarí àti òṣèré jáde sí ìgboro ní 1999, wọ́n fá orí wọn ní gbangba. Ní 2006, ìjọba dín in kù sí ọjọ́ 73. Síbẹ̀ ní ọdún 2006 yẹn, nínú 100 tíkẹ́ẹ̀tì, ó ju 60 lọ tí ó jẹ́ ti fíìmù Kòríà. Àwọn ará ilé ti mọ adùn ohun tí ó jẹ́ tiwọn.

Ẹ LA ETÍ SÍLẸ̀

A wá dé ibi tí ó dùn mọ́ wa jù. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ sọ pé bí a bá tilẹ̀ fẹ́ máa wò ó, kí a wá ẹ̀dà tí wọ́n ti fi ohùn Òyìnbó rọ́pò ohùn àwọn òṣèré, nítorí kíka ìtumọ̀ nísàlẹ̀ àwòrán ń rẹ ènìyàn. A kò gbà. Bong Joon-ho fúnra rẹ̀, nígbà tí ó ń gba ẹ̀bùn kan ní Amẹ́ríkà ní 2020, sọ ọ́ ní èdè rẹ̀ pé ìdènà yẹn kò ga, àti pé ẹni tí ó bá fò ó yóò bá ọ̀pọ̀ fíìmù rere pàdé. Ṣùgbọ́n ìdí tiwa tún yàtọ̀: àwa ọmọ Yorùbá lè gbọ́ nínú èdè Kòríà ohun tí Òyìnbó kò lè gbọ́.

Ẹ gbọ́ ná. Ní Kòríà, ènìyàn kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ó ti ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn a máa yí ìparí padà nítorí ọ̀wọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ní "o" tí a sì ní "ẹ". Wọn kì í pe ẹni tí ó jù wọ́n lọ ní orúkọ lásán. Ọkùnrin a máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní hyung, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní noona. Obìnrin a máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní oppa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní unni. Kì í sì í ṣe ọmọ ìyá nìkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀ àwòrán, orúkọ ẹni náà ni Òyìnbó sábà máa ń kọ, nítorí kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Àwa ní ọ̀rọ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n ni.

Ẹ wo Joint Security Area, tí Park Chan-wook ṣe ní 2000. Àwọn ọmọ ogun Gúúsù méjì àti ti Àríwá méjì di ọ̀rẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ ní ẹnu ààlà Panmunjom. Ní òru, àwọn ti Gúúsù a máa rékọjá afárá lọ sí ilé ẹ̀ṣọ́ ti Àríwá, wọn a jọ jẹ àkàrà dídùn, wọn a jọ ṣeré bí ọmọdé. Ọmọ ogun Gúúsù wá ń pe ẹni tí ó yẹ kí ó yìnbọn lù ní hyung. Ẹni tí ó ń ka ìtumọ̀ nìkan yóò rò pé orúkọ ni ó pè. Ọmọ Yorùbá tí ó la etí sílẹ̀ yóò gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ni ó pè é, yóò sì mọ̀ pé láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde lẹ́nu rẹ̀, bí ìbọn bá dún, ọmọ ìyá ni yóò máa pa ọmọ ìyá. Gbogbo fíìmù náà wà nínú ọ̀rọ̀ kan yẹn. Bí a bá fi ohùn Òyìnbó bò ó, a ti pa á.

SÁTIDÉ MẸ́FÀ

Bí ẹgbẹ́ bá tún fún wa láàyè, ọ̀nà tí a óò gbà nìyí. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ dá wò ó nínú yàrá rẹ̀ lè tẹ̀ lé e.

Sátidé kìíní: Train to Busan (2016), láti ọwọ́ Yeon Sang-ho. Àrùn kan sọ ènìyàn di òkú tí ń sáré, tí ń bu ènìyàn jẹ, bàbá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré sì wà nínú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú wọn. Ẹ̀rù wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí a lè jọ pariwo sí ni. Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ kì í ṣe òkú, bí kò ṣe alààyè tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn. Ní 2014, ọkọ̀ ojú omi Sewol rì, ènìyàn 304 ni ó bá a lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ ará Kòríà tí ó wo fíìmù yìí ni ọkàn rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Sátidé kejì: Joint Security Area, tí a ti sọ.

Sátidé kẹta: A Taxi Driver (2017), láti ọwọ́ Jang Hoon. Awakọ̀ takisí kan ní Seoul jẹ owó ilé oṣù mẹ́rin. Inú akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fẹ̀hónú hàn kò dùn mọ́ ọn rárá. Lójú rẹ̀, àkẹ́jù ni wọ́n. Ó gbé oníròyìn Jámánì kan, Jürgen Hinzpeter, lọ sí Gwangju ní 1980 nítorí owó. Hinzpeter jẹ́ ẹni gidi, òun ni ó ya àwòrán ìpakúpa náà tí ó sì gbé e jáde fún ayé. Ìran tí ó mú wa jù ni ìgbà tí awakọ̀ ti sá kúrò ní Gwangju, tí ó ń jẹun ní ìlú mìíràn, tí ó ń gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń tún irọ́ ìjọba sọ. Ọmọ rẹ̀ ń dúró dè é nílé. Ó wọ ọkọ̀, ó bú sẹ́kún, ó sì yí orí ọkọ̀ padà sí Gwangju. Song Kang-ho ni ó ṣe awakọ̀ náà. Ẹ mọ ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ óò tún rí i.

Sátidé kẹrin: Memories of Murder (2003), láti ọwọ́ Bong Joon-ho. Láàárín 1986 àti 1991, ẹnìkan ń pa àwọn obìnrin ní agbègbè Hwaseong. Nínú fíìmù náà, àwọn ọlọ́pàá na ẹni tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀, wọ́n ṣẹ̀dá ẹ̀rí, wọ́n sì wá àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò ṣọ́ ìlú ní alẹ́ kan tì, nítorí gbogbo wọn ti lọ lé akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgboro. Ìjọba tí ó ń ṣọ́ ara rẹ̀ kò ráàyè ṣọ́ ọmọbìnrin tí ń darí bọ̀ láti ilé ìwé. Ní ìparí, Song Kang-ho kọjú sí wa, ó ń wò wá, bí ẹni pé apànìyàn náà wà láàárín àwa òǹwòran. Ó di 2019 kí ọlọ́pàá tó mọ ẹni náà, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti bá a nítorí ìpànìyàn mìíràn. Ní 2020, ilé ẹjọ́ dá ọkùnrin kan láre tí ó ti lo nǹkan bí 20 ọdún ní ẹ̀wọ̀n lórí ọ̀kan nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Sátidé karùn-ún: Poetry (2010), láti ọwọ́ Lee Chang-dong, òǹkọ̀wé ìtàn tí ó tún ti jẹ mínísítà àṣà ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ìyá àgbà kan ń tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, ó ń kọ́ ewì kíkọ, àrùn ìgbàgbé sì ti ń wọ inú rẹ̀. Ó wá gbọ́ pé ọmọ ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fipá bá ọmọbìnrin kan lò, ọmọ náà sì para rẹ̀. Àwọn bàbá yòókù ní kí àwọn dáwó jọ fún ìyá òkú, kí ọ̀rọ̀ sì rọlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú fíìmù yìí, kò sì sí ariwo. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin àti obìnrin ẹgbẹ́ wa jọ wò ó, kí a sì jókòó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ ọ rí kí wọ́n ní "ẹ jẹ́ kí a yanjú rẹ̀ láàárín ẹbí"?

Sátidé kẹfà: Parasite (2019). Ìdílé tálákà kan ń gbé inú ilé tí ìdajì rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n fi ọgbọ́n àrékérekè wọ ilé olówó kan lọ́kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́, bí awakọ̀, bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ rántí The Housemaid ti 1960? Òun náà ni ó tún wọlé dé yìí. Òjò kan rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ẹrù tálákà lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ilé olówó ń dúpẹ́ pé òjò náà mú ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ẹni tí ó bá dé ibí yìí láti Sátidé kìíní, kò ní í béèrè mọ́ pé kí ni gbogbo ayé rí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ padà sí Oldboy, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. A óò tún din dòdò.

ÀWỌN TÍ KÒ GBÀ FÚN WA

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù nínú fíìmù wọn. Òótọ́ ni nínú àwọn kan. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ta fíìmù fún Òyìnbó ni ó ń fi ẹlẹ́jẹ̀ síwájú, kì í ṣe pé ohun tí wọ́n ní nílé nìyẹn nìkan.

Wọ́n ní a ń yin Kòríà jù. Rárá o. Láàárín 2013 sí 2017, ìjọba kan níbẹ̀ kọ orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ pé kí a má ràn wọ́n lọ́wọ́, Bong Joon-ho àti Song Kang-ho wà nínú wọn. Ilé iṣẹ́ ńláńlá díẹ̀ ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé sinimá, àwọn yìí kan náà ni wọ́n ń náwó sí fíìmù. Láti ìgbà àrùn kòrónà ni òǹwòran sì ti dín kù. Ohun tí a ń yìn ni pé wọn kò yé sọ ìtàn ara wọn. Ju 13,000,000 ènìyàn lọ ni ó wo 12.12: The Day, fíìmù tí ó jáde ní 2023, lórí bí Chun Doo-hwan ṣe gba agbára ní 1979. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá 2024, ààrẹ wọn kéde òfin ológun ní alẹ́. Àwọn ará ìlú sáré lọ sí iwájú ilé aṣòfin, àwọn aṣòfin wọlé dìbò, kí ilẹ̀ tó mọ́, òfin náà ti di ohun àná. A kò sọ pé fíìmù ni ó lé ológun padà. A ní kò sí ẹni tí ó lè sọ fún wọn ní alẹ́ yẹn pé àwọn kò mọ ohun tí òfin ológun jẹ́.

Èyí tí ó wúwo jù ni ti ẹni tí ó dìde ní ìpàdé pé, "Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ni wá. Kí ló kàn wá kan Kòríà? Ẹ jẹ́ kí a wo tiwa." Ẹ̀gbọ́n, a gbọ́, a sì gbà pé kí a wo tiwa. Ogunde ṣe Aiye ní 1979. Bàbá Sálà ṣe Orun Mooru ní 1982, àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tà, gbèsè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹ dákun, ẹ wá ẹ̀dà àwọn fíìmù ìgbà náà tí ó mọ́ dáadáa wá fún wa, kí a fi hàn ní Sátidé tí ń bọ̀. Ẹ óò rí i bí yóò ti ṣòro tó.

Kòríà náà sọ Arirang nù. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́gbọ́n. Láti 1974 ni wọ́n ti dá ilé ìpamọ́ fíìmù sílẹ̀, wọ́n ń wá èyí tí ó sọnù kiri, wọ́n ń tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe. Lónìí, wọ́n ti gbé ju 100 fíìmù àtijọ́ sórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìtumọ̀. The Housemaid àti Obaltan wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní kọ́bọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń tọ́jú ohun ìní bàbá ẹni, kí ó lọ wo ẹni tí ó ti ṣe é. Aládùúgbò tí ó tún orúlé rẹ̀ ṣe kò gba tiwa lọ́wọ́ wa; ọgbọ́n ni ó fi hàn wá.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dìbò pé kí Sátidé fíìmù máa bá a lọ, kí ó jẹ́ ti Kòríà ní oṣù kan, kí ó jẹ́ tiwa ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ní fíìmù Yorùbá àtijọ́ nínú àpótí òbí rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí wa. Àti ìwọ àbúrò wa tí o béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èsì rẹ nìyí: bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ará Kòríà kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí bí ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan, tí kò sì gbà kí ẹlòmíràn bá òun sọ ọ́. Wá jókòó tì wá ní Sátidé kìíní. A óò fi àga sílẹ̀ dè ọ́.